Oòrùn Ló Ń Mú Ilé Wa Tutù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ooru, ẹ wá jókòó sínú RV ní Arizona lóṣù keje, kí iná sì lọ. RV ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ọkọ̀ tí èèyàn lè máa gbé inú ẹ̀ bí ilé. Ibùsùn wà níbẹ̀, ilé ìdáná wà níbẹ̀, balùwẹ̀ wà níbẹ̀, táyà ló sì gbé gbogbo ẹ̀ dúró. Tiwa gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 38, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kó máa fà á kiri. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé á ní, "Háà, ilé ńlá nìyí o." Òótọ́ ni. Àmọ́ ògiri ilé ńlá yìí ò nípọn ju Bíbélì orí pẹpẹ lọ. Pákó fẹ́lẹ́, fóòmù àti awọ fáíbà ni. Tí oòrùn bá fi máa dé àtàrí, ilé ti di ààrò.

Inú ẹ̀ là ń gbé láti ọdún 2022. Àwa mẹ́ta ni: bàbá, ìyá, àti ọmọbìnrin kan tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Nọ́ọ̀sì ni ọ̀kan nínú wa, irú nọ́ọ̀sì tí ilé ìwòsàn máa ń gbà fún ọ̀sẹ̀ 13. Tí ọ̀sẹ̀ 13 bá ti pé, ó di ìlú mìíràn. Ẹnì kejì ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà ni ọ́fíìsì ẹ̀. Ká tó ra ọkọ̀ yìí, oṣù mẹ́ta mẹ́ta la fi ń wá ilé, tí à ń san owó àsansílẹ̀, tí à ń ra ìkòkò àti àwo tuntun. Nígbà tí màmá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ ibi tí a kó lọ, wọ́n pè wá lórí WhatsApp.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ní inú ọkọ̀ lẹ ń gbé? Ṣé ọkọ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ lọ máa gbé ní Amẹ́ríkà ni?"

A ní, "Màmá, ọkọ̀ náà ní kíṣíìnì."

Wọ́n ní, "Kíṣíìnì bàbá ta ni?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí àwa ò lè fi rẹ́rìn-ín ni ọ̀rọ̀ ooru, nítorí ọmọ wa.

SS ni ọmọ wa. Fòníkú-fọ̀ladìde ni Yorùbá ń pe àìsàn náà, orúkọ yẹn sì ti sọ gbogbo ẹ̀ tán. Nínú ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó rí roboto máa ń tẹ̀ bíi dòjé, ó máa ń kó ara jọ dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ibi tó bá ti dí, ìrora tí ẹnu ò lè ròyìn ni. Dókítà á sọ fún yín pé kí omi má gbẹ lára ọmọ, kí ooru má pọ̀ jù fún un, kí òtútù má sì mú un lójijì. Ẹ tún un gbọ́ dáadáa: ooru ọ̀tá, òtútù ọ̀tá. Ooru ń fa omi jáde lára, òtútù òjijì sì ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ohun tí ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ni ibi tí kò gbóná, tí kò tutù, tí kò sì ń yí padà wìrìwìrì.

Láyé àtijọ́, àbíkú ni wọn ì bá pè é. Orúkọ wọn ṣì wà láàárín wa: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrósinmí, Bánjókòó. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan gbà pé àìsàn ẹ̀jẹ̀ yìí wà lára ohun tó ń mú àwọn ọmọ náà lọ. Ẹ̀bẹ̀ làwọn orúkọ yẹn, àwọn òbí ń bẹ ọmọ pé kó bá àwọn jókòó. Àwa náà ń bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n a tún ń ka wáàtì.

*

Láti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ wa ni ẹ̀rọ amúlétutù méjì ti wà lórí òrùlé ẹ̀, 15,000 BTU lọ́kọ̀ọ̀kan. BTU la fi ń wọn ooru tí ẹ̀rọ lè kó jáde nínú ilé láàárín wákàtí kan. 12,000 BTU ni wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀nù kan, yìnyín ni orúkọ yẹn sì ti wá: iye ooru tó lè yọ́ tọ́ọ̀nù yìnyín kan láàárín wákàtí 24. Nílé, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n sí "one horse" àti "one and half". One horse wà níbi 9,000 BTU, one and half sì wà níbi 12,000. Ẹ wá wò ó, 15,000 lọ́nà méjì lórí ilé tí kò fẹ̀ ju yàrá àti pálọ̀ lọ.

Agbára pọ̀, àmọ́ ẹ̀rọ orí òrùlé yẹn ò mọ̀ ju ohun méjì lọ: kó tàn, kó kú. Bó bá tàn, ariwo ńlá, afẹ́fẹ́ tútù á rọ́ lu gbogbo èèyàn lórí bí ẹni da omi lé wọn. Bó bá kú, kò pẹ́ tí ooru fi ń padà wọlé. Lálẹ́ kan ṣoṣo, ọmọ á fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, á tì í kúrò, á tún wá a. Ara àwa tí ara wa le gan-an ò gba á, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ara ọmọ tí dókítà ní ká má jẹ́ kí òtútù já lù.

Ọ̀ràn kejì ni iná. Ẹ̀rọ kan ń jẹ tó wáàtì 1,500 sí 1,800, bó bá sì fẹ́ gbéra, ó máa ń fa ìlọ́po iye yẹn fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan. Ní ọgbà tí àwọn onílé-ọkọ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí, sọ́kẹ́ẹ̀tì oríṣi méjì ló sábà máa ń wà. Èyí tó jẹ́ 50 amp lè gbé wáàtì 12,000. Èyí tó jẹ́ 30 amp ò lè kọjá 3,600. Tó bá jẹ́ 30 amp lẹ rí, ẹ̀rọ kan lẹ máa tàn. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ se omi tíì, ẹ kọ́kọ́ lọ pa nǹkan kan.

Nígbà tí iṣẹ́ gbé wa lọ sí gúúsù Arizona, ọgbà kan la gúnlẹ̀ sí. Ẹ̀yin náà lè ti gbọ́ ohun tí ooru ṣe ní ìpínlẹ̀ yẹn lọ́dún 2023: ní Phoenix, ọjọ́ 31 tẹ̀léra ni ooru ọ̀sán fi dé 43°C tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún tó tẹ̀lé e la débẹ̀. Ní ọ̀sán, bí gbogbo ọgbà bá ti tan AC wọn, fóótèèjì tó yẹ kó jẹ́ 120 á máa bọ́ sílẹ̀, 112, 108, 104. Àwa méjèèjì kàn ń wo ara wa. A ti rí irú ẹ̀ rí nílé, a mọ ibi tó máa ń parí sí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, gbogbo ọgbà ṣókùnkùn. Ọmọ wa, tí a bí sí Texas, tí kò gbé Nàìjíríà rí, kígbe látinú yàrá ẹ̀ pé, "NEPA!" Ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́ ọ. A rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì pẹ́. Òfin ọgbà ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. A lọ kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, wọ́n ti tì í. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó gbé e. A gbé ọmọ sínú ọkọ̀ tó ń fa ilé wa, a tan AC ibẹ̀, ibẹ̀ la jókòó sí mọ́jú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti dé àyà. Ọjọ́ mẹ́rin la lò nílé ìwòsàn.

A ò ní sọ pé ooru alẹ́ yẹn nìkan ló fà á. Kò sẹ́ni tó lè búra lórí àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n bí a ṣe jókòó ti ibùsùn ẹ̀, tí omi ń kán sínú iṣan ẹ̀, ohun kan yé wa láìsí pé ẹnì kan nínú wa la ẹnu: kò yẹ kí òru ọmọ wa máa wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ bréékà ọgbà.

*

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ká tó ra pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, a kọ́kọ́ ra mítà kékeré tó ń ka iye iná tí ohun èlò ń jẹ. Fún ọ̀sẹ̀ kan, a kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: fíríìjì, kọ̀ǹpútà, gílóòbù, ẹ̀rọ tó ń fa omi, ohun tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra káàdì mítà mọ yúnìtì. Tí ohun tó ń jẹ wáàtì 1,000 bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, yúnìtì kan nìyẹn. Láìka AC, ilé wa ń jẹ bíi yúnìtì mẹ́rin lójúmọ́.

Lẹ́yìn náà la kọjú sí ibi tí ooru ń gbà wọlé, nítorí wáàtì tí ilé ò bá jẹ, kò sẹ́ni tó máa rà á. Fèrèsé ló burú jù. A gé fóòmù tí wọ́n fi bébà dídán bò, a fi dí gbogbo fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. A dí ojú ihò tó wà lórí òrùlé ilé ìwẹ̀, a gbé kọ́tìnnì nípọn kọ́ sáàárín pálọ̀ àti ibi àkàbà. Iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ méjì ni, owó tó ná wa ò sì tó nǹkan. Nígbà tí a parí ẹ̀, ẹ̀rọ orí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í sinmi lọ́sàn-án, ohun tí kò ṣe rí.

Ẹ̀yìn ìyẹn la tó wá sórí mini-split. Nílé, split lásán là ń pè é: apá kan nínú ilé, apá kan níta, páìpù bàbà méjì láàárín wọn. Gáàsì tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú páìpù yẹn ló ń gbé ooru inú ilé jáde. Irú èyí tí a rà, 12,000 BTU, ni wọ́n ń pè ní inverter AC. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Ínfátà tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé yàtọ̀ o, inverter tó wà nínú AC yàtọ̀. Ti inú AC yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa dín eré kọ̀mpírẹ́sọ̀ kù tàbí kó fi kún un. Kò tàn kú, kò tàn kú. Bí ilé bá gbóná, á sáré, bí ilé bá ti tutù, á máa rìn jẹ́jẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Tiwa lè jẹ tó wáàtì 1,000 bó bá ń sáré, àmọ́ lálẹ́, tí ilé bá ti rọlẹ̀, 300 sí 400 ló ń jẹ. Bó bá fẹ́ gbéra, kò ní já lu iná rárá, ó máa ń gòkè díẹ̀ díẹ̀ ni.

Ẹ rí i pé ohun tó dára fún bátìrì náà ló dára fún ọmọ. Ẹ̀rọ tí kì í yí padà lójijì, tí kì í da òtútù léni lórí. Ìdí tí a fi yan èyí nìyẹn, a ò tíì dórí ọ̀rọ̀ owó.

A ṣe ìṣirò. Lọ́jọ́ tí ooru bá mú jù, AC á jẹ yúnìtì 11 sí 12. Ilé á jẹ mẹ́rin. Gbogbo ẹ̀ di 16. Ó yẹ kí oòrùn fún wa ní 16 lójúmọ́, kí bátìrì sì lè gbé òru já.

*

Orí òrùlé wa gba pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ, wáàtì 400 lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn 3,200. Kí wọ́n tó lè gbà, a yọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ orí òrùlé, a fi èkejì sílẹ̀ fún ọjọ́ ìṣòro. A ò lẹ̀ wọ́n mọ́ òrùlé. A gbé wọn ga díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ wọn kọjá, ọgbọ́n méjì ló sì wà níbẹ̀. Èkíní, òjìji wọn ń bo òrùlé. Èkejì, pánẹ́ẹ̀lì kì í fẹ́ ooru. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń fẹ́. Bó bá ti gbóná kọjá 25°C, agbára ẹ̀ á máa dín kù díẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí a ò fi rí 3,200 rí. Èyí tó pọ̀ jù tí a rí lójú ẹ̀rọ ni 2,600 àti díẹ̀. Oòrùn ń fi ọwọ́ kan fúnni, ó ń fi èkejì gbà á. Síbẹ̀, ó dára ju ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs fi pánẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì han gbogbo ayé lọ́dún 1954, nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e ló ń sọ di iná. Ti òde òní ti lé ní ogún.

Bátìrì mẹ́ta la rà, yúnìtì márùn-ún àti díẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ 15.36. Lítíọ́ọ̀mù oní-irin ni, èyí tí wọ́n ń pè ní LFP. Ilé ẹ̀kọ́ gíga University of Texas tó wà ní Austin, lọ́dọ̀ John Goodenough, ni wọ́n ti ṣàwárí irú ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1996. Bàbá náà gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019, ẹni ọdún 97 ni wọ́n nígbà náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bátìrì tubular nílé mọ̀ pé téèyàn bá lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́, ọjọ́ ikú ẹ̀ ló ń pè. LFP lè lò tó ìdá mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, kó sì tún pẹ́. Ó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún ṣòro kó gbiná ju oríṣi lítíọ́ọ̀mù tó wà nínú fóònù lọ, ohun tí a rò púpọ̀ nìyẹn, nítorí abẹ́ ibi tí à ń sùn ló máa wà.

Ọ̀kan nínú wa ti bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ wáyà ní Ìbàdàn fún ọdún méjì kó tó wọ yunifásítì, ohun tí ọ̀gá yẹn máa ń sọ ni pé wáyà tó gbóná ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Ìdí tí a fi yan fóótì 48 dípò 12 tí ọ̀pọ̀ RV ń lò nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fa wáàtì 5,000 látinú fóótì 12, iná tó máa gba wáyà kọjá á lé ní 400 amp. Wáyà tó máa gbé e á nípọn tó àtàǹpàkò. Ní 48, bíi 104 péré ni. A fi fíùsì sí ẹnu bátìrì, a fi síwíìsì tó lè pa gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sí ibi tí ọwọ́ lè tètè tó.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká parí, a wa ilé wa lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ ti fi bíi kílò 176 kún un, bátìrì bíi 140. Gbogbo RV ló ní ìwọ̀n ẹrù tí táyà àti ìjókòó táyà ẹ̀ lè gbé. Ẹni tó bá kọjá ẹ̀, àárín títì ló ti máa gbọ́ ìdáhùn. Tiwa ṣì wà lábẹ́ ìwọ̀n, àmọ́ a kó ìwé méjì páálí àti odó iyán kúrò. Odó yẹn dùn wá.

*

Apá ìta AC ló mú iṣẹ́ wá jù. Ó lé ní kílò 30, ara ilé tó ń jà gìdìgìdì lórí títì ló sì máa wà. Awẹ́lidà kan bá wa jó férémù irin mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, mọ́ egungun ìdí ẹ̀ gan-an, kì í ṣe ara ògiri. A fi rọ́bà nípọn sáàárín irin àti ẹ̀rọ. A lu ihò kan lára ògiri ẹ̀yìn, a jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ síta kí omi tí AC bá ń sun má padà wọlé.

Ibi tí a máa gbé apá inú sí, orí ẹ̀ la ti jiyàn jù lọ. Ẹni tó ń ta á ní ká gbé e kọjú sí yàrá, pé kíá ni yàrá máa tutù. A ní rárá. A gbé e sókè ní pálọ̀, kó máa fẹ́ gba abẹ́ àjà lọ, kí òtútù tó dé ibùsùn ọmọ, kó ti rọ̀. Ọmọ fúnra ẹ̀ ló dúró síbi ibùsùn pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ kan tó so mọ́ òwú, ó ń wò ó bóyá á mì. Kò mì. Ibẹ̀ la kàn án mọ́.

Páìpù bàbà, a ò fọwọ́ kàn án. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni pé ẹni tó bá máa tú gáàsì AC tàbí so ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, torí gáàsì yẹn ń ba afẹ́fẹ́ ayé jẹ́ tó bá tú síta. A pe bàbá ará Mẹ́síkò kan tó ti ń ṣiṣẹ́ AC láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Bàbá wo ọkọ̀, wọ́n wo AC, wọ́n wò wá. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ilé kì í fò?" A ní a mọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wá ká páìpù náà ní òbìrí méjì bíi sípíríǹgì, pé bí títì bá ń mì, òbìrí yẹn ló máa gba ìyà, kì í ṣe ojúu nọ́ọ̀tì. Wọ́n fi ẹ̀rọ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde títí gèèjì fi lọ sábẹ́ 500 máíkírọ́ọ̀nù. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n jókòó, wọ́n mu kọfí, wọ́n ń wo gèèjì. Wọ́n ní tó bá gòkè padà, ó ń jò, tàbí ọ̀rinrin wà níbẹ̀. Kò gòkè. Ìgbà náà ni wọ́n tó tú gáàsì sílẹ̀.

Ìwé àtìlẹ́yìn ilé iṣẹ́ tó ṣe AC wa ò ka ọkọ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ti lè gbé e sí, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ká tó rà á. Nítorí ẹ̀, bí a bá ti rìnrìn àjò tán, ohun àkọ́kọ́ tí à ń ṣe ni ká fi omi ọṣẹ pa ojúu nọ́ọ̀tì, ká wò ó bóyá ó ń hó. Gbogbo iṣẹ́ yìí, láti fóòmù fèrèsé títí dé owó awẹ́lidà, gbà tó 10,000 dọ́là. Kì í ṣe owó kékeré. A ò rí ìsinmi ọdún yẹn lò, ọkọ̀ tó ń fa ilé sì ń wa táyà ògbólógbòó kiri fún oṣù mẹ́fà sí i.

*

A ti fi lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Lójú òṣùwọ̀n, ilé máa ń wà ní 25°C láti alẹ́ dé àárọ̀, ó lè fi ìwọ̀n kan gòkè tàbí kó fi kan sọ̀kalẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, bátìrì á ti kún. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ṣì máa ń ku bí ìdajì. Ọgbà tí iná ti lọ lálẹ́, ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tó ti ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kejì la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé iná lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé sólà lè ṣe gbogbo ẹ̀ o. Ní Houston, nígbà tí òjò ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta, yúnìtì mẹ́rin sí márùn-ún là ń rí lójúmọ́, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì kún fún omi débi pé AC ń sun garawa omi jáde. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, a máa ń so ilé mọ́ iná ọgbà bí gbogbo ayé. Igi náà di ọ̀tá wa. Nínú ọgbà, ibi tí igi bá ti ṣíji bo ilẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń dù, àwa ló ń tọrọ ibi tó gbẹ, tó mọ́lẹ̀ gbalaja. Ẹni tó ń fún wa láyè á tún bi wá léèrè pé ṣé ó dá wa lójú. Ó dá wa lójú. Oòrùn tó ń lé wọn sábẹ́ igi ló ń mú ilé wa tutù.

Ti ọmọ wa ńkọ́? AC ò wo SS. Oògùn ẹ̀ ń lọ lójoojúmọ́, omi ń lọ, dókítà ń rí i. Oṣù kejì tó kọjá, ikọ́ gbé e dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n nínú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì, a ò tíì gbé e lọ nítorí òru tó gbóná. A kì í fi ẹnu ṣe fáàrí lórí ìyẹn, a kàn ń dúpẹ́ lábẹ́ ahọ́n. Àwa náà ti ń sùn. Ẹni tó bá ní irú ọmọ yìí á mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́: pé kéèyàn sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ láìdìde lọ fọwọ́ kan iwájú orí ẹnì kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí jálá epo fò láti ìsàlẹ̀ náírà 200 sí èyí tó lé ní 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, jẹnẹrétọ̀ màmá wa ti di ibi tí adìẹ ń yé sí. Àwọn tó ń ta sólà ládùúgbò ti wá bá wọn. Ẹnì kan ní wọ́n nílò ínfátà ńlá, ẹlòmíràn ní bátìrì kan tó fún gbogbo ilé. Wọ́n pè wá. A ò tíì sọ̀rọ̀ tí ọmọ fi gba fóònù lọ́wọ́ wa.

"Màmá Àgbà, ẹ káàsán mà. Kí lẹ fẹ́ kó máa gbé?"

"Fíríìjì mi ni, ìyá mi. Àti fáànù. Àti gílóòbù mẹ́rin. Tẹlifíṣọ̀n náà, tí Olúwa bá fẹ́."

"AC ńkọ́?"

"Kí ni mo fẹ́ fi AC ṣe? Afẹ́fẹ́ wà níta."

"Ó dáa mà. Ẹ má tíì sanwó fún wọn. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn fíríìjì, wọ́n kọ wáàtì síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ tún wo ti fáànù. Mo ti mú bébà."

A gbọ́ bí màmá ṣe fa àga, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ pé jígí àwọn dà. Ọmọ jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú bírò, ó ń dúró.